Omi Inú Àgbọn, Omi Inú Ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ni mo rà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ni mo sì fi ń kó ọjà láti Sábó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbógbó. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni omi ti ń dágún sí ilẹ̀ ọkọ̀ náà, níbi tí ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kànrìnkàn ni mo máa ń fi fa omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó lè jáde. Mo ti pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn, mẹkáníìkì mi sì ti fi sílíkọ́ọ̀nù yí etí gíláàsì iwájú ká lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ omi kò yé wọlé. Òórùn inú ọkọ̀ ti di ohun tí àwọn oníbàárà fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ní báyìí, mẹkáníìkì ní kí n tún gbé ọkọ̀ wá kí òun lẹ gbogbo ojú ìpàdé òrùlé rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ibo gan-an ni omi yìí ń gbà wọlé?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìnáwó. Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ ohunkóhun mọ́ òrùlé ọkọ̀ yín. Omi inú àgbọn ni àwọn àgbà fi ń ṣe àpẹẹrẹ ohun tí a kò lè wádìí. Ti inú ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní ojú tó gbà wọlé, ojú náà ṣeé rí, bí a bá sì lẹ ibi tí a kò tíì rí, a kàn ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé wọ́n dí ọkọ̀ pa bí ìgò, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí rọ́bà bá ti gbó nìkan ni omi lè gbà wọlé. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé omi yóò wọ àwọn ibì kan lára rẹ̀, wọ́n sì ti la ọ̀nà tí yóò gbà jáde sílẹ̀ fún un. Òjò tó ń ṣàn lára gíláàsì ilẹ̀kùn máa ń wọ inú ikùn ilẹ̀kùn náà lójoojúmọ́, á sì gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀. Èyí tó bọ́ láti ara gíláàsì iwájú máa ń wọ kòtò kan tó wà lábẹ́ ike dúdú tí apá wáípà ti yọ jáde; kòtò yìí ní ojú ìṣàn lọ́tùn-ún àti lósì, omi á sì gba ibẹ̀ dé ẹ̀yìn táyà iwájú. Nígbà tí ọ̀nà àbájáde yìí bá dí ni omi ń wá ọ̀nà mìíràn, inú ọkọ̀ ni yóò sì gbà. Nínú ọkọ̀ tí mo ti bá àwọn ènìyàn wò, ìdọ̀tí tó dí ojú ìṣàn ti fa wàhálà ju rọ́bà tó gbó lọ.

Ẹ kò sọ ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí lóru, ṣùgbọ́n bí igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù bá ṣíji bò ó, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá níbẹ̀ yẹn, kòtò abẹ́ wáípà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo abẹ́ ike dúdú náà. Ewé tó bọ́ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá á ti jẹrà di ẹrẹ̀ dúdú, nígbà mìíràn koríko pàápàá á ti hù lé e lórí. Inú kòtò yìí kan náà ni ihò tí fáànù ọkọ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ ìta wà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ọwọ́ ìwakọ̀ rẹ̀ wà lósì sì rèé, apá ọ̀tún, ní ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ni ihò náà wà. Bí kòtò bá kún, omi á bọ́ sínú ihò yìí, á gba ibi fáànù kọjá, á sì dà sí ibi tí ẹ ń fi kànrìnkàn fà á gan-an. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kó ẹrẹ̀ náà jáde. Bí ẹ bá fi omi tì í, ẹ ó kàn tún un tì wọ inú ojú ìṣàn sí i ni. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ rọra da omi ìgò kan sínú kòtò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà. Ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó bọ́ sílẹ̀.

Bí kòtò bá mọ́ tónítóní tí omi ṣì ń wọlé, ó di dandan kí ẹ ṣe àyẹ̀wò tó ní ètò. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun gbogbo kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ tú ike ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì gbé etí kápẹ́ẹ̀tì sókè títí ẹ ó fi rí irin. Ẹ nu irin náà gbẹ, kí ẹ wá wọ́n pọ́dà ọmọdé sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé ibi tí omi bá gba orí pọ́dà kọjá, ipa rẹ̀ á hàn ketekete. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, gbogbo ilẹ̀kùn á wà ní títì, ẹnì kejì á sì máa da omi láti ìta. Ìsàlẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àárín rẹ̀, etí gíláàsì rẹ̀, gíláàsì iwájú, kí ó tó wá kan òrùlé. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lójú kan kí ó tó kúrò níbẹ̀. Bí ó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara ọkọ̀ ni yóò tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì ní mọ ibi tí omi ti wá. Kí omi náà máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí òjò. Ẹ̀rọ alágbára tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń lò lè ti omi gba ibi tí òjò kò lè gbà láéláé.

Èmi náà ti jìyà àìfarabalẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ẹ̀yìn àga awakọ̀ ni omi ti máa ń dágún nínú ọkọ̀ tèmi. Mo ra rọ́bà ilẹ̀kùn tuntun, kò ṣiṣẹ́. Mo tún ra òmíràn, mo sì ń bínú sí ẹni tó tà á fún mi. Lọ́jọ́ tí agara dá mi, mo dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí àga ẹ̀yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, mo sì ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa fi ife da omi sára gíláàsì láti ìta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, n kò rí nǹkan kan. Ó tó bí ìṣẹ́jú kẹrin kí ìlà omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ lábẹ́ pátákó inú ilẹ̀kùn, ó jìnnà sí rọ́bà tí mo ń ná owó lé lórí, ó sì rọra wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ. Nígbà tí a tú pátákó náà, a bá náílọ́ọ̀nù tó yẹ kó bo ikùn ilẹ̀kùn ní yíya láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ká a sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ká aṣọ ojú fèrèsé. Ẹni tó tún ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì sókè ṣe fún mi ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ló ya á kí ọwọ́ rẹ̀ lè wọlé. A gé náílọ́ọ̀nù tuntun tó nípọn, a fi gọ́ọ̀mù dúdú tó rọ̀ lẹ̀ ẹ́ yí ká, a sì ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ilẹ̀kùn kí omi lè máa padà sí ikùn ilẹ̀kùn. Owó tí mo ná kò tó ti kóńgò ẹ̀wà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú ilẹ̀kùn yín nítorí gíláàsì, kọ́kọ́rọ́ tàbí ẹ̀rọ orin, ẹ bi í léèrè náílọ́ọ̀nù yẹn.

Ní ti rọ́bà ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, owó ìwé kan tó láti dán an wò. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ owó igba náírà, kí ẹ wá fà á: ibi tó bá ti yọ láìjanpata ni rọ́bà kò ti dì mọ́ irin dáadáa. Ẹ má ṣe fi epo ẹ́ńjìnnì tàbí gíríìsì pa á lára, nítorí pé ńṣe ni epo máa ń mú kí rọ́bà wú kí ó sì dẹ̀.

Bí òrùlé ọkọ̀ yín bá ní gíláàsì tó ń ṣí, ẹ óò rí gọ́tà kékeré tó yí i ká. Páìpù rọ́bà mẹ́rin ló sábà máa ń wà ní igun rẹ̀, méjì gba inú òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú sọ̀kalẹ̀, méjì gba ẹ̀yìn. Ẹ da omi ife kan sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá yóò bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó bá dí, okùn ìpẹja tó nípọn díẹ̀, irú èyí tí àwọn apẹja ń lò létí ọ̀sà ní Ẹbúté, ni kí ẹ rọra tì wọ inú rẹ̀. Wáyà lè lu páìpù náà. Ẹ má sì gbé e lọ fún fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, torí pé afẹ́fẹ́ tó le bẹ́ẹ̀ lè tú páìpù kúrò lójú ìdè rẹ̀ lókè àjà, ọ̀ràn náà á sì wá kọjá ti ìdọ̀tí.

Mo fi gíláàsì iwájú sẹ́yìn nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ rí, ìfura náà tọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pátápátá, kí ẹ tan fáànù dé òpin, kí ẹ sì yí i sí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta. Ẹnì kejì á wá fi búrọ́ọ̀ṣì fi omi ọṣẹ kun etí gíláàsì láti ìta. Ibi tó bá ti ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ, omi náà á sì lè gba ibẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n yọ gíláàsì, kí wọ́n ha ojú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì fi ojúlówó gọ́ọ̀mù gíláàsì lẹ̀ ẹ́ padà. Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi yí tiyín ká gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò tán, nítorí pé gọ́ọ̀mù náà kì í lẹ̀ mọ́ ojú tí sílíkọ́ọ̀nù bá wà.

Fún ẹni tí búùtù tirẹ̀ ń gba omi, kí ó wo rọ́bà ẹ̀yìn àwọn iná ẹ̀yìn, kí ó sì wo àwọn ojú atẹ́gùn tó máa ń wà lẹ́yìn bọ́ńpà. Bí wọ́n bá ti gbá ọkọ̀ lẹ́yìn rí tí páńẹ́lì-bítà sì tún un ṣe, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ẹni tó sì jẹ́ pé ìgbà tó bá la àgbàrá kọjá nìkan ni ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ń tutù, kí ó wo abẹ́ ọkọ̀: ó ṣeé ṣe kí rọ́bà tó dí ihò abẹ́ ọkọ̀ ti já bọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dí ojú náà, iṣẹ́ ṣì kù. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ní fóòmù tó nípọn, tí omi lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Òun ló bu, òun ló ń rùn, lọ́fínńdà kò sì lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ yọ àga, kí ẹ kó kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù sá sóòrùn títí wọn yóò fi gbẹ dénú. Kí rìwáyà yọ orí bátìrì kí ó tó fọwọ́ kan wáyà abẹ́ àga, pàápàá èyí tí ojú ìdè rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, nítorí pé ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èrò ni. Kí ó ṣí àwọn ojú ìdè yòókù tí omi ti dé, kí ó sì wò wọ́n bóyá wọ́n ti ń dípẹtà.

ÌBÉÈRÈ

Omi tèmi kì í dúró de òjò. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, bí mo bá tan éésì láti Ìmọ̀ta dé Ìkòròdú, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á rin gbingbin. Ṣé rọ́bà náà ni?

Awakọ̀ kan, Ìmọ̀ta

ÌDÁHÙN

Ẹ má ra rọ́bà o. Éésì máa ń sọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ di omi, omi náà á sì gba páìpù kékeré kan bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ tan éésì fún ogún ìṣẹ́jú lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó: bí kò bá kán, páìpù náà ti dí, ẹni tó ń tún éésì ṣe á sì là á fún yín láìpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìka kan omi inú ọkọ̀ náà ná. Bí ó bá ní àwọ̀, tó ń yọ̀, tó sì ní òórùn dídùn, omi ràdíétọ̀ ni; ẹ wo bí ó ṣe kù sí, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ náà lọ sọ́nà jíjìn kí mẹkáníìkì tó rí i.