Coral Bells Lábẹ́ Igi: Ẹ Wo Ìran Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Àwọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní koríko kọ̀ láti hù lábẹ́ igi óákù tó wà níwájú ilé yín ní Maryland, pé ó ti sú yín láti máa ra irúgbìn koríko lọ́dọọdún, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá coral bells, ewéko kúkúrú tí a ń gbìn nítorí ewé aláwọ̀ rẹ̀, lè bo ilẹ̀ náà láìfi iṣẹ́ pa yín. Ó lè bò ó, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan náà ni èmi náà ń gbé, ilẹ̀ alámọ̀ bíi tiyín ni mo ní, abẹ́ igi óákù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú coral bells mi wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú ni pé kí ẹ wádìí ìran tí èyí tí ẹ fẹ́ rà ti wá, nítorí orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń tà gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ jìnnà síra.

Amẹ́ríkà Àríwá ni ilé gbogbo wọn. Heuchera ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè wọ́n. Heuchera sanguinea, èyí tí òdòdó rẹ̀ pupa, wá láti àárín àpáta ní Arizona, New Mexico àti àríwá Mexico, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Heuchera americana jẹ́ ti igbó ìlà oòrùn, kódà ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó Maryland níbí. Heuchera villosa, tí irun wẹ́wẹ́ bo ewé àti igi ewé rẹ̀, wá láti òkè Appalachia àti ìhà gúúsù, ibi tí ooru àti ọ̀rinrin ti jọ ń rìn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oṣù July àti August ń ṣe fún wa: ooru á mú, afẹ́fẹ́ á wúwo bí aṣọ tí a kò tíì fún omi ara rẹ̀, ilẹ̀ ṣíṣú kò sì ní kí ó rọlẹ̀. Àsìkò yẹn ni mo pàdánù èyí tó pọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ tó wuni jù, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ villosa lára. Ewé wọn á sorí kọ́ láàárọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí mo bá sì fa ẹyọ kan, gbogbo ìdí rẹ̀ á bá a wá, á ti jẹrà, á sì máa rùn. Àwọn ọmọ villosa ò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Autumn Bride, tó ń yọ òdòdó funfun nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù; Caramel àti Citronelle náà kò já mi kulẹ̀. Ọgbà Mt. Cuba Center ní Delaware, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ewéko ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbin oríṣiríṣi Heuchera láti 2012 sí 2014 láti mọ èyí tó bá ojú ọjọ́ agbègbè wa mu, Citronelle sì wà lára àwọn tó yege jù. Ẹ sáà má gbìn ín síbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń dé, nítorí àwọn tí ewé wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó rí bí òroǹbó wẹ́wẹ́ a máa jóná létí. Èyí tí ewé rẹ̀ dúdú ló máa ń fara da oòrùn díẹ̀ sí i.

Ẹ má retí pé yóò rákò bíi koríko. Ojú kan ni ó ń jókòó sí, tí yóò sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà, kí ilẹ̀ tó lè bò dáadáa, ẹ ó gbìn wọ́n súnmọ́ra, íǹṣì 12 sí 18 láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Ilẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 lóròó àti 10 níbùú yóò gba bíi 44 tí ẹ bá lo íǹṣì 18, owó kékeré sì kọ́ nìyẹn. Èmi fi Tiarella cordifolia, ìbátan rẹ̀ tó ń ta ìtàkùn káàkiri, dí àárín wọn, ó sì mú kí ilẹ̀ tètè bò. Nítorí gbòǹgbò óákù, ẹ ra èyí tó wà nínú ike kékeré, kí ẹ gbẹ́ ihò tó mọ níwọ̀n sí àárín gbòǹgbò, ẹ má gé èyí tó nípọn, ẹ má sì kó erùpẹ̀ lé e lórí, torí ìyẹn lè pa igi fúnra rẹ̀. Ewé óákù tó ti jẹrà ni kí ẹ pò mọ́ amọ̀ náà kí omi má bàa dúró sídìí rẹ̀. Ẹ máa bomi rin ín dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí igi yóò máa bá a du omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dá tó le nìkan ló máa ń mú mi gbé rọ́bà omi.

Ohun tó ń ba tèmi jẹ́ jù nígbà òtútù ni dídì àti yíyọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tó dì lóru, tó yọ́ lọ́sàn-án, tó sì tún dì lálẹ́, a máa ti ohun ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jinlẹ̀ sókè. Tí ẹ bá jáde lọ wò wọ́n ní ìparí February, ẹ ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti yọ síta, ó le, ó nípọn tó àtàǹpàkò, gbòǹgbò tín-ín-rín á máa ṣí sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba ewé á sì wà lórí rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, kí ẹ fi ilẹ̀dú bo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé abẹ́ ewé, ṣùgbọ́n ẹ má bo ojú ibi tí ewé tuntun ti ń yọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó bá ti ga jù ni kí ẹ hú, kí ẹ pín in, kí ẹ sì tún un gbìn jinlẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà sọ ìwọ̀nba tí mo kọ́kọ́ rà di púpọ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó gbin èyíkéyìí tí ẹ rà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ike, kí ẹ tú erùpẹ̀ rẹ̀ wò. Nínú èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kan ni mo ti bá ìdin funfun, olórí pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ká kò. Ọmọ kòkòrò dúdú kan tí kò lè fò ni, òru ni ìyá rẹ̀ ń jẹ etí ewé ní gígé-gígé, àwọn ọmọ a sì máa jẹ gbòǹgbò títí ewé á fi dá dúró láìní ìdí. Aràn tín-ín-rín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n ń pò mọ́ omi dà sí ilẹ̀ ní ìparí ìgbà ooru, ló ń pa ìdin náà láìṣe òdòdó ní jàǹbá. Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba tí ẹ ń gbìn ín sínú ìkòkò, ẹ fojú sí i dáadáa, torí ìkòkò ni kòkòrò náà fẹ́ràn jù.

Iṣẹ́ tó kù kò pọ̀. Ewé tó gbẹ ni mo ń fi àlùmọ́gàjí gé nígbà tí òtútù bá fẹ́ parí, kì í ṣe ṣáájú òtútù, nítorí ewé àtijọ́ ló ń bo ìdí rẹ̀. Ewé óákù tó bá wọ́ lé e lórí, ẹ kó o kúrò, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìgékoríko rún un wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fọ́n ọn padà sáàárín wọn. Èmi kì í fún un ní ajílẹ̀ mìíràn. Àgbọ̀nrín tó ń jẹ hosta, ewéko eléwé gbàǹgbà abẹ́ igi, ti àwọn aládùúgbò mi tán kì í sábà fẹnu kàn án.

September ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀, kí gbòǹgbò lè mú ilẹ̀ kí ó tó dì. Ẹ ra Autumn Bride bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi bo ibi tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹ máa pín in láti ibẹ̀ lọ sínú.