Ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí báàlù kejì fi yín sílẹ̀ o

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní ṣé ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí báàlù kejì lọ kẹ́ ẹ lè sun òru kan nílùú tẹ́ ẹ ti fẹ́ pààrọ̀ báàlù. Háà, ẹ má dán an wò o! Tẹ́ ẹ ò bá ti yọjú sí géètì, no-show ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ yín, ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lè kú síbẹ̀, títí kan èyí tẹ́ ẹ máa fi padà wálé. Báàgì wá ńkọ́? Wọ́n ti lẹ táàgì ibi tẹ́ ẹ ń lọ mọ́ ọn, tí wọn ò bá wá rí yín wọ́n á tún máa tú ẹrù láti wá tiyín jáde, mo ti jókòó sínú irú báàlù bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn ń wo aago ó ń pòṣé. Ẹ má sì retí hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́, ẹni tí báàlù tiwọn bá dá dúró nìyẹn wà fún.

Èmi o, látìgbà tí mo bá ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti máa ń yan multi-city, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan tó gba ìlú mélòó kan, tí mo fúnra mi yan ọjọ́ tí mo máa wọ báàlù ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àbí kí n wá èyí tó ní bíi wákàtí 20 láàárín báàlù méjèèjì. Tí kò bá ti tó wákàtí 24, tó bá jẹ́ ìrìn àjò òkè òkun, wọn kì í sábà kà á sí stopover, ìyẹn kéèyàn dúró pẹ́ sí ìlú kan lójú ọ̀nà, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ lé owó. Icelandair àti Turkish Airlines tiẹ̀ ní ètò stopover tiwọn. Ẹ ṣáà yẹ ọ̀rọ̀ físà wò kẹ́ ẹ tó sanwó.