Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Irin Tí A Lè Fọwọ́ Ara Wa Ṣe Fún Land Rover Àtijọ́

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Àgbẹ̀ kájú àti iṣu ni mí ní agbègbè Ìsánlú. Bàbá mi fi Land Rover Series III kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 109. Òkúta pọ̀ lọ́nà oko wa, a sì máa ń gba inú odò méjì kọjá. Láti ọdún tó kọjá, òkúta ti tẹ ọ̀pá sítíárínnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó so etí sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́ ṣásí náà sì ti jẹ débi pé ihò bóòtù ara wọn ti gùn. Èyí tí wọ́n rà wá fún mi láti Èkó kò bá a mu. Mo ní ẹ̀rọ ìjórin kékeré, fáìsì àti ẹ̀rọ ìlurin nílé, mo sì fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe àwọn irin pẹlẹbẹ náà, kí n sì ṣe irin ààbò sábẹ́ iwájú ọkọ̀. Wẹ́dà kan ní kí n lo ewé sípíríǹgì àlòkù, pé kò sí irin tó le tó o. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Àgbẹ̀ kan, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Òkun o, àgbẹ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ta àwọn irin tó jẹ yẹn fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdéḿù, nítorí òun ni ìwọ̀n tí ẹ óò fi ṣiṣẹ́. Ibi tí kò tíì jẹ lára wọn ṣì nípọn bí ó ṣe nípọn lọ́jọ́ tí ó kúrò níléeṣẹ́, bí ihò kan bá sì ti gùn sí apá kan, apá kejì tí bóòtù kò gbá ṣì dúró síbi tí wọ́n lu ú sí. Láti apá tí kò jẹ yẹn ni kí ẹ ti wá àárín ihò, kí ẹ sì wọn àyè tó wà láti àárín ihò kan dé àárín èkejì. Kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́wọ́, ẹ tún yẹ ọ̀nà tó gbà jẹ wò. Ihò tó gùn báyìí kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi irin náà fúnra rẹ̀. Rọ́bà búúṣì etí sípíríǹgì ló ti kú, tí bóòtù wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irin. Bí ẹ bá ṣe irin tuntun tí ẹ kò sì pààrọ̀ búúṣì, kí kájú tó tún so ẹ óò tún máa ṣe òmíràn.

Ní ti ewé sípíríǹgì, wẹ́dà yẹn kò parọ́ pé ó le, ṣùgbọ́n kí irin le jẹ́ ọ̀tọ̀, kí irin ṣeé jó pọ̀ mọ́ òmíràn tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Káábọ́ọ̀nù tó wà nínú irin sípíríǹgì tó nǹkan bí 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí irin rírọ̀ tí a fi ń ṣe géètì àti ṣásí kì í sábà kọjá 0.25. Bí iná ìjórin bá kan irin tí káábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀, tí ó sì tutù kíákíá, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin á gan bí awo, bí ọkọ̀ bá sì ti ń gbọ̀n, á là. Èmi náà ti gba irú ìmọ̀ràn yìí rí. Ewé sípíríǹgì ni mo fi ṣe irin tó gbé páìpù èéfín ọkọ̀ mi dúró, kò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ṣẹ́ lọ́nà Kàbbà sí Ìyàrá. Ojú ibi tí a jó kò ṣí rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló ti ṣẹ́, ó dán bí ohun tí wọ́n fi ayùn gé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé alágbẹ̀dẹ ni ewé sípíríǹgì tọ́ sí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni líle yẹn ti wúlò, nítorí pé àdá àti ọkọ́ tó bá fi rọ máa ń pa ojú mọ́.

Irin rírọ̀ ni kí ẹ rà. Bí ẹ kò bá dá èyí tí wọ́n ń tà fún yín lójú ọjà mọ̀, ẹ fi fáìlì ha etí rẹ̀: fáìlì á jẹ irin rírọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n á máa yọ̀ lórí irin tó gan. Ẹ tún lè gbé fáílìn-maṣíìnì (ẹ̀rọ tí a fi ń lọ irin, tí a sì fi ń gé e) lé e lórí. Ẹta iná irin rírọ̀ máa ń gùn tààrà, ẹ̀ka rẹ̀ kì í sì í pọ̀, ṣùgbọ́n ti irin sípíríǹgì máa ń bú yẹ́ẹ́ lẹ́nu bí òdòdó. Ẹ fi ẹta iná méjèèjì wé ara wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní í gbàgbé mọ́.

Mo fọwọ́ sí i kí ẹ ṣe irin pẹlẹbẹ sípíríǹgì náà fúnra yín, ṣùgbọ́n kí ẹ má jó ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹ gé méjì tí nínípọn wọn kò kéré sí ti àtijọ́, ẹ fi fáìsì dì wọ́n pọ̀, kí ẹ sì lu ihò àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí bóòtù lè gba inú wọn kọjá láìwọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó líle sàmì sí àárín ihò, ẹ lo ẹnu ìlurin mílímítà 4 ṣáájú, lẹ́yìn náà kí ẹ wá lo èyí tó tóbi. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa ta epo sí i. Àwọn wẹ́dà kan a máa fi ẹlẹkitírọ́òdù jó ihò nítorí pé ó yá. Ẹ má gbà fún wọn níbí yìí, nítorí pé ihò bẹ́ẹ̀ kì í rí róbótó, iná sì ti ba irin ẹnu rẹ̀ jẹ́. Ẹ yẹ ti àtijọ́ wò bóyá wọ́n gé ojú ìwé bóòtù (ìlà tí bóòtù ń gbà wé wọlé) sínú ihò ọ̀kan nínú irin méjèèjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) ni kí ẹ gbé e lọ pẹ̀lú bóòtù rẹ̀ gan-an. Lára àwọn Land Rover àtijọ́, oríṣi ojú ìwé méjì tí wọ́n ń pè ní BSF àti UNF dàpọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì jọra lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fipá wé nọ́ọ̀tì ọ̀kan mọ́ bóòtù èkejì, méjèèjì ló máa bàjẹ́.

Àwọn kan a máa mú irin yìí gùn sí i kí ọkọ̀ lè ga. Èmi kò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti gùn, á yí ìdúró áásù (ọ̀pá ńlá tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀) padà, igun ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn á yí pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹ bá sì ṣe é níwájú, sítíárínnì kò ní padà sí àárín bó ṣe yẹ mọ́. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ka sí. Nígbà tí ẹ bá ń to bóòtù búúṣì padà, ẹ fi ọwọ́ wé wọn lásán nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé táyà, ẹ mì í díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó wá fún wọn pinpin. Bí ẹ bá fún wọn lórí jáàkì, ṣe ni rọ́bà inú búúṣì á wà ní yíyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya.

Ó wá ku irin ààbò. Ẹ wá páálí ńlá, ti Indomie tàbí ti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì máa gé e títí tí yóò fi bá ibẹ̀ mu. Ẹ ní kí ẹnì kan yí sítíárínnì sọ́tùn-ún títí dé òpin, kí ó sì yí i sósì, kí ó tún jókòó lé iwájú ọkọ̀ kí sípíríǹgì lè wálẹ̀. Páálí tí kò bá kan ohunkóhun nínú gbogbo èyí ni kí ẹ fi ẹfun yà sórí irin. Mo mọ̀ pé ó máa wu ẹni tó ti rí ọ̀pá rẹ̀ tí ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti lo irin tó nípọn bí ilẹ̀kùn báǹkì. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ná. Irin tó fẹ̀ ní mítà kan lóròó àti mítà kan ní ìbú máa ń wúwo tó kílò 7.85 fún mílímítà kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Nítorí náà, irin ààbò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 50, tó nípọn ní mílímítà 5, á wúwo tó nǹkan bí kílò 12. Bí ẹ bá lo mílímítà 10, ó di kílò 24 tí sípíríǹgì iwájú á máa gbé kiri lójoojúmọ́. Mílímítà 5 tó fún ọ̀pá sítíárínnì, bí ẹ bá tẹ etí iwájú rẹ̀ sókè kí òkúta lè máa yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi tẹ̀ ẹ́, ẹ fi fáílìn-maṣíìnì la ojú ibi títẹ̀ náà dé ìdajì nínípọn rẹ̀, ẹ fi òòlù tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jó ojú náà padà. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò yín náà lè fi ẹwìrì gbóná rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́. Kí ó ṣá jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Kí ó má rì í sómi. Ẹ lu ihò díẹ̀ sí i kí ẹrẹ̀ odò lè máa jò dànù, kí ẹ sì ṣí ojú sílẹ̀ kí ọwọ́ lè dé ibi tí a ń fi gíríìsì sí.

Bóòtù ni kí ẹ fi dì í mọ́ ṣásí, kí ẹ má jó o mọ́ ọn. Ṣásí Land Rover ní ihò gbalasa nínú bíi pákó àpótí, bí ẹ bá sì kàn fún bóòtù mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wọ inú. Àárín ẹ̀gbẹ́ ṣásí ni kí ẹ ti lu ihò, kí ẹ má fọwọ́ kan òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń gba ìnira jù, kí ẹ sì ki páìpù kékeré kan sínú ihò láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí bóòtù gba inú páìpù náà kọjá. Bóòtù tí wọ́n kọ 8.8, àmì bí ó ṣe lágbára tó, sí lórí ni kí ẹ rà.

Bí ohun kan bá wà tí ẹ ní láti jó lára ọkọ̀, ẹ yọ wáyà bátìrì méjèèjì àti wáyà ọtánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) kúrò ṣáájú. Kí ẹ fi ẹnu wáyà ilẹ̀ dì mọ́ itòsí ibi tí ẹ ń jó gan-an, kí iná má baà gba inú bẹ́ríǹnì kọjá. Bí ó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ẹ ń lò, ẹ dán an wò lórí àjákù irin tó nípọn bákan náà. Ẹ fi òòlù ṣẹ́ ẹ. Bí agbára iná kò bá tó, ojú ìjórin á kàn jókòó lórí irin láìwọlé, á sì ṣí bí èèpo.

Ìbéèrè: Mo jó àpótí irinṣẹ́ kan fúnra mi, mo sì fi bóòtù dì í mọ́ ara Land Rover mi. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, ìyẹ̀fun funfun ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara ọkọ̀ sì ti lu. Àpótí náà kò jẹ púpọ̀. Kí ló fà á? (Olùkọ́, Ẹ̀gbẹ̀)

Ìdáhùn: Alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ara Land Rover láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àkọ́kọ́ jáde ní 1948, nítorí pé lẹ́yìn ogun, irin ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pọ̀. Bí alumíníọ̀mù àti irin bá fara kanra, tí omi sì dé àárín wọn, ṣe ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ bíi bátìrì, alumíníọ̀mù ló sì máa ń jẹ tí irin á ṣẹ́ kù. Ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ẹ tú àpótí náà, ẹ ha ìyẹ̀fun funfun kúrò, kí ẹ sì kun ojú méjèèjì tí wọ́n ti ń kanra ní ọ̀dà, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ láílọ́ọ̀nù tó nípọn sáàárín wọn, kí ẹ sì fi wáṣà láílọ́ọ̀nù sábẹ́ orí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù láti ṣe é, nígbà tí kò sí omi nínú àwọn kọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà ni mí ní Kàbbà. Oníbàárà kan ní kí n jó ọ̀pá sítíárínnì Land Rover rẹ̀ tó ṣẹ́, kí n sì dí táǹkì epo tó ń jò. Ó ní bí mo bá fi omi ṣan táǹkì náà, kò sí ewu. (Ọmọ iṣẹ́, Kàbbà)

Ìdáhùn: Má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọmọ mi. Fífi omi ṣan táǹkì kì í mú èéfín epo kúrò tán. Ó máa ń wà nínú ìpẹtà àti nínú ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó láti mú kí táǹkì náà bú gbàmù mọ́ ẹni tó ń jó o. Ní ti ọ̀pá sítíárínnì, bí irin ààbò bá já, òkúta ló máa kan abẹ́ ọkọ̀. Bí ọ̀pá sítíárínnì bá já, kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe mọ́, àwọn èèyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ àti lójú ọ̀nà. Bákan náà ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ bíréèkì àti bóòtù táyà. Kí oníbàárà náà wá ọ̀pá mìíràn tó pé, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀, kí o sì bá a yẹ̀ ẹ́ wò pé kò tẹ̀, ẹnì kankan kò sì tíì jó o rí, kí ó tó sanwó.