Èsì: Páténtì fún sọ́fítíwíà tó ń ya sáákíìtì chip

Àbúrò, o béèrè bóyá wọ́n lè fún sọ́fítíwíà tó ń dá ya sáákíìtì chip ní páténtì (ẹ̀tọ́ òfin tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ohun tí o hùmọ̀ láìgbàṣẹ) l'Amẹ́ríkà. Wọ́n lè fún un, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú bí o bá ṣe kọ ọ́. Wo ẹjọ́ Synopsys àti Mentor Graphics, iléeṣẹ́ méjì tó ń ṣe sọ́fítíwíà fún yíya chip, ní 2016. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ àpèjúwe iṣẹ́ sáákíìtì di ẹ̀yà sáákíìtì gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Kóòtù ní èèyàn lè fi pẹ́ńsùlù àti pépà ṣe é, torí náà páténtì Synopsys lórí rẹ̀ ò dúró; Synopsys ò tiẹ̀ dárúkọ kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti to ohun tó jẹ́ tiwọn nínú ìwé páténtì náà. Ó dùn mí, torí iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ní tìrẹ, kọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe síbi tí o ti ń to ohun tó jẹ́ tìrẹ yẹn gan-an, àti ohun tó ń yí padà lára chip.