Èsì: Kí ló dé tí òtútù kì í pa pẹ́ńgúìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà pé òtútù kì í pa pẹ́ńgúìn, ẹyẹ òkun tí kì í fò, lórí yìnyín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ ki láílọ́ọ̀nù kan bọ inú èkejì, ẹ fi bọ́tà kún àárín wọn, kí ọmọ ki ọwọ́ kan bọ̀ ọ́, kí ó wá ri ọwọ́ méjèèjì sínú omi yìnyín. Ọwọ́ tí kò ní bọ́tà ló máa kọ́kọ́ fà jáde. Iṣẹ́ tí ọ̀rá abẹ́ awọ pẹ́ńgúìn ń ṣe nìyẹn, ìyẹ́ rẹ̀ tó ki sì ń dí omi lọ́nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀rọ̀ irú pẹ́ńgúìn kan tí wọ́n ń pè ní emperor, tó ń gbé ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní gúúsù ayé. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá á yé ẹyin kan ṣoṣo, á gbé e fún baba, á sì lọ wá oúnjẹ lójú òkun. Baba á gbé ẹyin lé ẹsẹ̀, á fi awọ ikùn bò ó fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun, nínú òtútù tó lè rẹlẹ̀ dé -40°C. Àwọn baba á fún mọ́ra wọn, wọ́n á máa pààrọ̀ ipò, kí ẹnikẹ́ni má baà pẹ́ jù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àwọn ọmọ lè ṣe é ní kíláàsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya béárì funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ńgúìn. Àríwá ayé ni béárì yẹn ń gbé.