Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ọkọ Mi Ní Ká Ṣáà Wọ Mọ́tò, Ká Máa Lọ

Ìsinmi ilé-ìwé ti dé, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kún àpò lẹ́tà mi. Mo mú mẹ́rin nínú wọn.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹjọ́ ọkọ mi ni mo wá rò. Ní Sátidé tó kọjá, a ò tíì jẹun àárọ̀ tán tó fi ní ká kó àwọn ọmọ sí mọ́tò, ká gba Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, ká máa yà ní abúlé tó bá wù wá, ká wá gba Ẹ̀rúwà padà sí Ìbàdàn. Kò pe ẹnì kankan, kò mọ ibi tá a ti máa jẹun. Ọmọ mẹ́ta la bí: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méje, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo yarí. Ó ní bàbá òun máa ń kó àwọn kiri bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn wà ní kékeré, pé ìbẹ̀rù ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ làwọn ń lọ, bó bá wù mí kí n dúró sílé. Ṣé kí n tẹ̀lé wọn? — Ìyá Mọ́yọ̀, Akóbọ̀, Ìbàdàn*

Ìyá Mọ́yọ̀, tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n kí ọkọ ẹ gé ìrìn àjò yẹn sí ìdajì kí ẹ tó jáde nílé.

Ìbàràpá ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ìṣẹ́yìn sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́kọ sí. Mo mọ kòtò ojú ọ̀nà yẹn lórúkọ. Kí èèyàn gba Mọ́níyà dé Ìṣẹ́yìn, kó já sí Adó-Àwáyè, Máyà, Lánlátẹ̀, Ẹ̀rúwà, kó gun afárá odò Ògùn kọjá sí Ìdó, kó wá yọ sí Ológunẹrú: àgbà méjì lè rìn ín lọ́jọ́ kan kí wọ́n ṣì máa rẹ́rìn-ín délé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè ṣe é. Lójú tiẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti sọ òun kalẹ̀ ni ìrìn àjò wà, gbogbo èyí tó wà láàárín, ìyà ni. Nítorí náà, ibi méjì péré ni kí ẹ yà, kí ẹ sì gba ọ̀nà tí ẹ bá lọ padà. Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ò ju nǹkan bíi kìlómítà 65 lọ, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ẹ fi Lánlátẹ̀ àti Ẹ̀rúwà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Wọn ò ní sá lọ.

Ní ti bàbá ọkọ ẹ, ohun kan wà tí ọmọ ẹ̀ ò rí. Ọkùnrin yẹn múra dáadáa kó tó gbé mọ́tò jáde. Láyé ìgbà yẹn, ìlú wo lèèyàn á dé tí kò ní rí ìbátan, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tàbí ẹni tí wọ́n jọ kàwé? Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni ìmúra tirẹ̀. Bí táyà bá jò ní abúlé kan, ó mọ ilé tó máa wọ̀. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, ẹnì kan á fún wọn ní ẹní. Àwọn ọmọ ò mọ̀, wọ́n rò pé bàbá àwọn kàn ń wa mọ́tò kiri ni. Ẹ̀yin ò ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́, ẹ ní láti wá a. Kò le rárá. Kí ọkọ ẹ béèrè níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, pé ta ló jẹ́ ọmọ Ìṣẹ́yìn. Kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbé níbẹ̀. Kó pè é lálẹ́ Fraidé, kó ní, "À ń bọ̀ lọ́la, a ó yà kí yín." Ìyẹn ò ba àìròtẹ́lẹ̀ tó ń wù ú jẹ́.

Ẹni yẹn náà lẹ máa pè láàárọ̀ Sátidé kí ẹ tó ṣíná mọ́tò, pé báwo lọ̀nà ṣe rí. Mi ò ní fi bò fún yín. Àwa tá a wà lágbègbè Ìgàngán ò tíì gbàgbé oṣù Kẹfà 2021, nígbà tí àwọn agbébọn wọ ìlú lóru, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì jó ilé. Bí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ bá ní kí ẹ má wá, ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Bó bá ní kí ẹ máa bọ̀, ẹ jáde láago méje, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì bá yín ní Mọ́níyà.

Ní Ìṣẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti ń hun òfì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn ahunṣọ á jókòó ní ìlà lábẹ́ àtíbàbà, aṣọ tí wọ́n ń hun ò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọwọ́ ahunṣọ làwa àgbà máa ń wò. Àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo iwájú. Òwú tí wọ́n nà gbọọrọ síta, wọ́n ti so ìdí ẹ̀ mọ́ nǹkan kan tí wọ́n gbé òkúta lé, kó lè le dáadáa. Bí aṣọ bá ti ń gùn tí ahunṣọ ń ká a sára igi, òkúta yẹn á máa wọ́ nílẹ̀ bọ̀ wá bá a, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ń yọ́ rìn. Ẹ fi igi fa ìlà sílẹ̀ níwájú òkúta náà, kí ọmọ jókòó ṣọ́ ọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó sọ pé òun ò lọ sílé àfìgbà tí òkúta bá kọjá ìlà. A jẹ ẹ̀kọ, a jẹ mọ́ínmọ́ín, a tún sọ̀rọ̀ ìyàwó tó ń bọ̀ nílé wọn, òkúta ò tíì kọjá ìlà, ọmọ ò sì sunkún. Kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ béèrè. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ra nǹkan, ì báà jẹ́ fìlà kan.

Ibi kejì, ẹ yan ọ̀kan nínú méjì. Òṣoògùn wà lágbègbè Ìṣẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821, ọmọdé ni nígbà náà, òun ni ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọdún 1846 kó tó tún fojú kan ìyá ẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún méje níbi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ wo ojú ẹ̀. Kò kan ọmọ ọdún mẹ́rin, á ti rí ewúrẹ́. Èyí tó kù ni Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyákẹ̀ ti wà lórí òkè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 lèèyàn máa gùn. Ọkọ ẹ á fẹ́ gùn ún, mo mọ irú wọn. Kí òun àti àgbà ọmọ lọ, kí wọ́n mú ọmọ ìlú dání, kí wọ́n béèrè èèwọ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. Má jẹ́ kó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn pọ̀n gun àpáta.

Ẹrù: omi láti ilé, aṣọ ìpààrọ̀ ju bó o ṣe rò lọ, póò (wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi), oúnjẹ gbígbẹ, ORS (oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru) sáṣẹ́ẹ̀tì méjì, ìwé ìlera àwọn ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ ní ìjókòó iwájú. Bí ẹ bá sì dúró ra iṣu, ọmọ ò gbọdọ̀ dá wà nínú mọ́tò tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa, ì báà jẹ́ oorun ló ń sùn. Oòrùn Òkè-Ògùn ò mọ ọmọ ẹlẹ́kọ̀ọ́.

*Màmá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, kì í pẹ́ nínú mọ́tò kó tó bì. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fún un ní epo pupa lá ká tó jáde. Ṣé kí n máa ṣe é? — Ìyá Tẹ́mi, Sángo*

Rárá. Epo lórí inú tó ń rú, ṣe lo ń ran èébì lọ́wọ́. Má sì bá ìyá ọkọ ẹ jà; sọ pé epo ti tán.

Àti bíi ọmọ ọdún méjì títí dé méjìlá ló ń yọ ọmọ lẹ́nu jù, ọ̀pọ̀ wọn á sì dàgbà kúrò nínú ẹ̀. Má jẹ́ kó jáde pẹ̀lú òfìfo inú, má sì jẹ́ kó yó kẹ́kẹ́. Àkàrà olóròóró láàárọ̀ ìrìn àjò, kò yẹ. Gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Kó máa wo iwájú, ibi tó jìnnà, kó máa ka igi tàbí màlúù fún ẹ. Ṣí fèrèsé díẹ̀. Kó tó bì, ara ẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ọmọ tó ń rojọ́ á dákẹ́, á máa yán, itọ́ á kún ẹnu ẹ̀, ojú ẹ̀ á sì funfun. Ìgbà yẹn lo máa ní kí wọ́n dúró, kì í ṣe ìgbà tó bá ti bì sí ẹ lára. Oògùn tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní ó ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí àti èébì pa pọ̀, ẹ má fún ọmọ jẹ.

*Ẹ kú àṣeyọrí, Màmá. Ìbejì la bí, wọ́n ti pé ọdún mẹ́fà. Ìyàwó mi ní ká kó wọn láti Èkó lọ sí Igbó-Ọrà kí wọ́n lọ wo àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ṣé wọ́n lè mu omi abúlé? Ṣé wọ́n lè jẹ wàrà? Ṣé òótọ́ sì ni pé ọbẹ̀ ìlasa ló ń fún wọn níbejì? — Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú*

Bàbá Ìbejì, inú mi dùn sí ìyàwó yín. Ìlú tí mo ti gbẹ̀bí nìyẹn, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá láti 1963. Ìwádìí tí dókítà Patrick Nylander ṣe nígbà kan fi hàn pé ìbejì tó 45 sí 50 ló ń wáyé nínú ìbímọ 1,000 níbẹ̀. Ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹ̀yin náà ò sì ní jẹ́ àràmàǹdà fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn dáa fún àwọn ọmọ yín, tí gbogbo Èkó ń nàka sí.

Ìlasa dùn, pàápàá pẹ̀lú àmàlà láfún. Ẹ jẹ ẹ́. Pé ó ń fa ìbejì, gbogbo ìlú ló gbà á bẹ́ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn mí. Ìyàwó yín ò nílò rẹ̀ lọ́nàkọnà.

Omi lọ̀rọ̀. Ìdèrè ò jìnnà sí Igbó-Ọrà, mo sì rí sòbìà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ fúnra mi. Ọmọ á mu omi adágún tí kòkòrò tíntìntín wà nínú ẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí aràn tó yọ orí jáde lẹ́sẹ̀ ẹ̀ bí òwú funfun. A máa ń fi igi kékeré ká a jáde, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, torí bó bá já sínú, wàhálà ló dé. Ilé-ìwé á ṣófo lásìkò oko. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi àti kànga ìgbàlódé ló lé e lọ, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Nàìjíríà gba ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa ní 2013. Ó ti lọ, ṣùgbọ́n àrùn onígbẹ́ gbuuru ò lọ. Omi tí ẹ gbé wá láti ilé tàbí èyí tí ẹ sè ni kí wọ́n mu. Bí onílé bá gbé omi fún yín, kí ẹ̀yin àgbà gbà á, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ fẹnu kàn án.

Wàrà: ó ti kan iná nígbà tí wọ́n ń fi ewé bomubómú mú un dì, ọwọ́ àti omi tó bá a lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò lè ṣẹ̀rí fún. Ẹ ra díndín, tó ṣì ń ta ṣọ̀ọ̀.

*Màmá, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín tó wà nígboro. Wọ́n á gbé jíìpù wọ abúlé wa, wọ́n á sọ ọmọ kalẹ̀, wọ́n á máa ya àwọn ọmọ wa ní fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń họ ẹ̀gẹ́, wọ́n á fún wọn ní bisikíìtì, wọ́n á lọ. Wọn ò kí ẹnì kankan. — Àgbẹ̀ kan, lẹ́bàá Lánlátẹ̀*

Bàbá, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú oko. Lẹ́tà yín ló jẹ́ kí n kọ ti oṣù yìí.

Ẹ̀yin òbí tó ń kà á, ọmọ tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lè kọ́ ìkíni méjì láàárín Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn. Bí ẹ bá kan ẹni tó ń roko, kó ní, "Àroko bọ́dún dé o." Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó pàtẹ, kó ní, "Ajé á wọgbá o." Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀, torí gbogbo èèyàn á dáhùn, wọ́n á sì máa béèrè pé ọmọ ta ni yìí. Ẹ pa mọ́tò, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ béèrè ilé baálẹ̀. Bí àwọn ọmọ abúlé bá ń họ ẹ̀gẹ́, ẹ bi ìyá wọn bóyá tiyín lè jókòó tì wọ́n. Ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó lè máa kó èèpo jọ. Fọ́tò lè dúró.

Bàbá, bí ẹ bá tún rí jíìpù bẹ́ẹ̀, ẹ má wò wọ́n níran. Ẹ dá wọn dúró, kí ẹ bi wọ́n pé ilé ta ni wọ́n ń lọ.