Ẹ má tíì fowó díìṣì màmá ránṣẹ́

Ẹ ǹ lẹ́ o, ará wa ní Calgary. Ẹ ní láti ìgbà òjò ńlá ọjọ́ Sátidé ni tẹlifíṣọ̀n màmá yín ní Òṣogbo kò ti ṣiṣẹ́, pé ẹni tó wá wò ó ní LNB (orí kékeré tó ń gba sígínà níwájú díìṣì) ti jóná, kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ ṣe sùúrù ná.

Kí màmá kọ́kọ́ ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n gan-an fún yín, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ DStv, E16 kì í ṣe ọ̀rọ̀ díìṣì rárá, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni, ẹ lè yanjú ẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ wà. E48-32 ni ti sígínà. Bójò bá ń rọ̀ lọ́wọ́ tó gbé ìyẹn jáde, kò sí wàhálà, ó máa padà tójò bá dá. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá lórí ti màmá yín.

Ẹ pè wọ́n ní fídíò nígbà tíná bá wà. Aago 2 ọ̀sán Òṣogbo, aago 7 àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín lásìkò òjò yìí. Kí ẹnì kan tójú ẹ̀ mọ́lẹ̀ bá wọn dé ẹ̀yìn dikódà (màmá ò gbọdọ̀ gun àkàbà o!). Kó yọ dikódà kúrò lára iná kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí wáyà yẹn ló ń gbé iná gòkè fún LNB. Kó wá tú ẹnu wáyà, kó gbé e sún mọ́ fóònù. Bàbà àárín yẹ kó máa dán. Tó bá ti ní àwọ̀ ewé, omi ti wọ̀ ọ́. Bí ẹyọ irun wáyà kan láti ẹ̀gbẹ́ bá sì tẹ̀ wá kan bàbà yẹn, bí ẹni pé LNB ti kú ló máa rí.

Wọ́n ti fi ṣe èmi náà rí. Nílé bàbá mi ní Òkè-Fìà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó LNB. Ìgbà kẹta ni àbúrò mi gòkè, ló bá ẹnu wáyà tí wọn ò fi nǹkan kan wé, tí omi ń wọnú ẹ̀. Wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ dànù, wọ́n fi ẹnu tuntun sí i, wọ́n fi téèpù dúdú wé e dáadáa. Títí dòní, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Bí ẹnu wáyà bá mọ́, ẹ wo ìlà Strength (bí sígínà ṣe lágbára tó) àti Quality (bó ṣe mọ́ tó) nínú dikódà. Tí méjèèjì bá ṣófo, wáyà tàbí LNB ni. Tí Strength bá wà tí Quality ò sí, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń ti yí díìṣì lójú. Ìwọ̀n 36 ní ìlà oòrùn ni sátẹ́láìtì DStv wà, torí náà ìlà oòrùn ni díìṣì Òṣogbo ń kọjú sí, kó yà díẹ̀ sí gúúsù. Kí wọ́n wò ó bóyá máńgòrò ti ga débẹ̀.

Tó bá wá kan LNB lóòótọ́, kí oníṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ fi tiẹ̀ dán an wò níṣojú màmá, kẹ́ ẹ̀yin náà rí ìlà méjèèjì kó gòkè lórí fóònù, kẹ́ ẹ tó sanwó. Kó sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún màmá, kó má gbé e lọ.